Àfàlá Kì í Ṣe Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Lásán

Bí a bá ń sin ìyá àgbà onígbàgbọ́ ní Wásinmi, oyè àwọn ọmọ àti ti àna ló máa ń kún inú ìwé ètò ìsìnkú. Ìgbàgbọ́ ìyá fúnra rẹ̀ kì í ju ìlà kan lọ. Ohun tí a ṣe fún Àfàlá, ìyá Samuel Àjàyí Crowther, náà nìyẹn. Ogun kó tìyá-tọmọ ní Òṣogùn lọ́dún 1821. Ìyá bọ́, wọ́n tún mú un lẹ́rú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló rà á padà. Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846 lòun àti Àjàyí tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, ó ṣe ìrìbọmi, ó di Hannah, ara àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Àwọn kan ní nítorí ọmọ ni. Ẹ jọ̀ọ́! Obìnrin tó la oko ẹrú já, ta ló lè fọwọ́ fà á wọ ṣọ́ọ̀ṣì? Ọdún 1864 lọmọ di bíṣọ́ọ̀bù. Ìyá ti lo ọdún 16 nínú ìjọ kó tó dìgbà náà, ó sì wà láyé di 1883.