Ẹ Ka Ìwé Owó Náà sí Etí Wa



Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Èjìgbò ti mọ ìṣirò owó tó, kí ó lọ jókòó sí ìdí ẹgbẹ́ àsàlátù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn àdúrà, akápò yóò dìde, yóò ṣí ìwé, yóò sì máa kà á lọ: iye tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, iye tí ó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, iye tí a fi ra ẹní, iye tí a fi ta ẹni tí ó bímọ lọ́rẹ. Bí ₦200 bá dínkù níbẹ̀, ìyá àgbà kan tí kò mọ ìwé kà yóò pè láti ẹ̀yìn pé, "Akápò, ẹ padà síbẹ̀ yẹn, ẹ ò tí ì sọ ti owó ìkòkò." Akápò kò ní bínú. Yóò padà síbẹ̀.

Ìyá yìí kan náà ni yóò dé ọjà lọ́jọ́ kejì, tí agbowó ọjà yóò dúró lé e lórí. Yóò sanwó, kò ní gba tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì ní béèrè ibi tí owó náà ń lọ. Ààtàn ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ yóò máa ga sí i. Bí òjò bá rọ̀, ìdọ̀tí yóò ṣàn wọ abẹ́ tábìlì tí ó pàtẹ ata lé. Bí a bá bi í pé kí ló dé tí kò béèrè, yóò ní, "Owó ìjọba ni. Ta ni yóò bi ìjọba?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni a fẹ́ bá jà. A kò bá ìyá náà jà o. Ẹni tí ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà ni a ń bá wí.

Kò sí owó tí ń jẹ́ owó ìjọba tí kì í ṣe owó ìlú. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 kò sì fi iṣẹ́ tí ó yẹ kí a fi owó náà ṣe pamọ́. Àfikún kẹrin nínú rẹ̀ ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kalẹ̀: ọjà àti gáréèjì, ibi tí a ti ń pa ẹran, itẹ́ òkú, òpópónà àdúgbò àti gọ́tà rẹ̀, kíkó pàǹtí, fífi orúkọ ọmọ tuntun àti ti olóògbé sílẹ̀, àti gbígba owó ilé lọ́wọ́ onílé. Ó tún fi ọwọ́ wọn sí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti ìlera pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Láti ọjọ́ tí a bí ọmọ ènìyàn títí di ọjọ́ tí a ó sin ín, káńsù ni ó yẹ kí ó máa pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọmọ ilé-ìwé gíga ka iṣẹ́ ààrẹ àti ti gómìnà fún wa, yóò kà á tán. Ti káńsù tí ó wà nítòsí ilé bàbá rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n.

Báwo ni ìlú ṣe dákẹ́ báyìí? Kì í ṣe ìwà àtijọ́ wa. Láyé àwọn bàbá wa, owó-orí ni ìjọba fi ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó bá sì ń ti àpò ara rẹ̀ sanwó kì í panu mọ́. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde pé owó-orí náà pọ̀ jù fún ẹni tí ọ̀nà oko rẹ̀ kò dára, tí owó kòkó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Ó burú débi pé ní 1969 wọ́n pa Sọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí wa rárá. A kò yin ìpànìyàn, Ọlọ́hun má jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn àgbẹ̀ yẹn mọ̀ pé ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ wọn jẹ wọ́n ní gbèsè iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé. Àtúnṣe ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976 mú kí ìjọba àpapọ̀ máa pín owó fún àwọn káńsù jákèjádò Nàìjíríà. Díẹ̀díẹ̀, a kò lé ẹnikẹ́ni kiri nítorí owó-orí mọ́. Ìtura ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó tí ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, bí ó bá sọnù, kò dun ẹnikẹ́ni. Ìjọba kò béèrè owó lọ́wọ́ ará ìlú, ará ìlú náà kò béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ìjọba, olúkúlùkù wá jókòó sí àyè rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ ṣe àdéhùn.

Èjìgbò tí ó sì ń dákẹ́ yìí kì í ṣe ìlú kékeré àná mọ́. Nígbà ìkànìyàn 2006, àwọn tí a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò lé ní 132,000, Nàìjíríà kò sì tí ì ka ènìyàn mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń wá yàrá háyà. Nígbà tí ogun bẹ́ ní Côte d'Ivoire ní 2002, àti nígbà tí ìjà ìbò tún dé níbẹ̀ ní 2010 sí 2011, ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa kó ọmọ kó ẹrù wálé. Àwọn tí kò padà wálé ń fi owó ránṣẹ́, ilé sì ń dìde. Oko tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ sí lọ́jọ́ sí ni ó ti di àdúgbò. Ilé aláràbarà wà níbẹ̀, géètì wà, kànga wà nínú ọgbà. Gọ́tà kò sí.

Ọ̀rọ̀ gọ́tà yìí ni kí ẹ jẹ́ kí a dúró lé díẹ̀, nítorí òun ni ó tú àṣírí gbogbo rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa a máa sọ pé, "Àwa tí a ti Àbìjàn bọ̀, a kò dúró de ìjọba. Ọwọ́ ara wa ni a fi ń tún ìlú ṣe." Òótọ́ ni. Iṣẹ́ tí owó àjọdá ti ṣe nílẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò lè fojú kéré rẹ̀. Bí iná kò bá sí, ẹnì kan lè ra jẹnẹrétọ̀. Bí omi kò bá sí, ó lè gbẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n gọ́tà kì í parí síwájú ilé ẹnì kan. Bí o bá fi sìmẹ́ńtì ṣe tìrẹ dáadáa tí ẹni ìsàlẹ̀ kò ṣe tirẹ̀, omi tí o lé kúrò níwájú ilé rẹ, inú yàrá rẹ̀ ni ó lọ. Bí o bá sì kó pàǹtí rẹ kúrò nílé tí o dà á sí ojú àgbàrá, kànga aládùúgbò ni ó ń dé, àrùn onígbáméjì kò sì mọ ilé aláràbarà yàtọ̀ sí ilé alámọ̀. Iṣẹ́ kan wà tí olówó kò lè dá ṣe, tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pàápàá kò lè máa ṣe lọ lóṣooṣù. Ẹgbẹ́ lè gbẹ́ bọ́ọ̀hòólù. Ta ni yóò máa ra epo sí i, tí yóò tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ayé fi ń dá káńsù sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará Àbìjàn mọ ohun tí a ń sọ jù wá lọ. Láti 1980 ni òfin Côte d'Ivoire ti pín Àbìjàn sí kọmíìnì 10, Treichville, Adjamé, Abobo àti àwọn yòókù, tí kọ̀ọ̀kan sì ní meríì tirẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ń tajà níbẹ̀ ń san owó ọjà fún meríì, wọ́n sì ń gba tíkẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́, nítorí ẹni tí kò bá rí tíkẹ́ẹ̀tì fi hàn yóò rí wàhálà. A kò sọ pé Àbìjàn kò ní ààtàn. Ẹni tí ó bá ti dé Adjamé rí kò ní jẹ́ kí a parọ́. Ohun tí a ń béèrè ni pé, obìnrin tí ó fi ọgbọ̀n ọdún gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àjèjì, kí ló dé tí ó fi dé ilé bàbá rẹ̀ tí ó ń sanwó láìgba nǹkan kan? Owó tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, agbowó nìkan ni ó mọ iye rẹ̀.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé káńsù kò lẹ́bi, gómìnà ni ó ń di owó wọn mú. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò àpapọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni owó káńsù ń gbà kọjá. Wọn a yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn a yọ ti àwọn tó ti fẹ̀yìntì, wọn a yọ ìpín àwọn ọba, ohun tí ó kù a sì dà bí omi ìsàlẹ̀ àmù. Ní ọjọ́ 11 oṣù July 2024, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá dájọ́ pé gómìnà kankan kò gbọdọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, ó sì ní káńsù tí ará ìlú kò dìbò yàn kò bófin mu. Inú wa dùn sí ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wí òótọ́ fún ara wa: bí owó bá kúrò lọ́wọ́ gómìnà tí ó dé ọwọ́ alága, tí ẹnikẹ́ni kò ka ìwé rẹ̀ sí etí ìlú, ilé tí owó náà ń sùn sí nìkan ni ó yí padà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ṣun ní 2025 sì yẹ kó ti là wá lójú. Ní February ọdún náà, ìjà dé lórí ẹni tí ó ni àga káńsù, àwọn tí a yàn ní 2022 ní ẹgbẹ́ kan, àwọn tí a yàn ní February 2025 ní ẹgbẹ́ kejì. Ẹ̀mí ṣòfò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kò lọ sí ọ́fíìsì fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìpín tí ń ti Àbújá wá fún àwọn káńsù 30 tó wà ní ìpínlẹ̀ wa sì há sọ́nà, ó di ẹjọ́. A kò gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí ó dùn wá ni pé, nínú gbogbo ariwo náà, orí ẹni tí yóò jókòó ni a ti ń jà. A kò gbọ́ kí ẹgbẹ́ kan nínú méjèèjì kọ́kọ́ gbé ìwé owó jáde pé, "Ẹ wá wo ohun tí a fi ti àtẹ̀yìnwá ṣe."

Àwọn àgbà kan yóò tún ní àfojúdi ni, pé ọmọdé kì í bi àgbà ní ìṣirò. Ta ni ó ju Ànọ́bì wa Muhammad lọ, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a? Ó rán ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyyah láti lọ gba sàká. Nígbà tí ó dé, ó pín ohun tí ó kó wá sí méjì, ó ní èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fi ta òun lọ́rẹ. Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun kò sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Orí mínbárì ni ó ti bi í léèrè níwájú gbogbo ènìyàn pé, bí ó bá jókòó sílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni yóò gbé ọrẹ náà wá fún un? Ìbéèrè ìṣirò ní gbangba nìyẹn, lórí owó ìlú, lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Àáyà tí ó sì gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, àáyà 282 nínú Súúrà Bákárà, ọ̀rọ̀ kíkọ owó sílẹ̀ ni ó dá lé. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ìwé owó kò kan ẹ̀sìn, kí ó tún un kà.

Apá kejì ọ̀rọ̀ wa yóò bí àwọn onílé nínú, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Owó ilé tí òfin ní kí káńsù gbà, ó yẹ kí a san án. Ẹni tí ó kọ́ ilé alájà méjì ní Èjìgbò, tí kò san kọ́bọ̀ kan fún òpópónà tí ó gbé e dé ẹnu géètì rẹ̀, kò ní ẹnu tí yóò fi pe alága ní olè. Ṣùgbọ́n a kò ní kí ẹ san án fún ẹni tí kò ka ìwé. Bí rìsíìtì bá dé, owó yóò jáde. Bí ìwé bá di kíkà, ti ọdún kejì yóò jáde láìjẹ́ pé a rán ọlọ́pàá sí ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí pátákó kan wà ní ẹnu ọjà ńlá, kí ọ̀kan wà ní Másífà, kí ọ̀kan wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti àwọn ìlú agbègbè yòókù, kí wọ́n kọ ọ́ sí i lóṣooṣù ní èdè Yorùbá pẹ̀lú nọ́ńbà gbàǹgbà: iye tí ó ti Àbújá wá, iye tí ọjà àti gáréèjì mú wọlé, iye tí owó oṣù gbé lọ, iye tí ó kù àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní Faransé pẹ̀lú, kò burú, àwọn ará ilé yóò rí i kà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kọ́ ìṣirò owó ní Poli Ẹdẹ àti ní Ìrẹ̀, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí wà. Òfin kan wà láti 2011 tí ó fún ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, tí ó sì fún ọ́fíìsì ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin náà kò kàn wọ́n, títí Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní April 2025 pé ó kan gbogbo wọn. Ẹ má ṣe kó ara yín jọ lọ pariwo ní sẹkitéríàtì, ẹ má sì jẹ́ kí olóṣèlú kankan bá yín kọ lẹ́tà náà. Ẹ fi èdè ọ̀wọ̀ kọ ọ́. Owó ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, ti oṣù mẹ́ta péré, nítorí òun ni àwọn ìyá wa mọ iye tí wọ́n san, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi tàn wọ́n. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé wọn fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí ara rẹ̀, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ọjọ́ méje bá pé.