Suni Williams: A kì í fi àwòrán ṣe àyẹ̀wò àìsàn

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwòrán obìnrin kan gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin náà ni Suni Williams, arìnrìn-àjò gbalasa òfúrufú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 59 nígbà náà. Àwọn ènìyàn rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọnú. Kò pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn kan ní òkèèrè fi ń bi àwọn dókítà tí kò fojú kàn án rí léèrè pé irú àìsàn wo ló ń ṣe é.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún náà ni òun àti Butch Wilmore gbéra nínú ọkọ̀ Starliner, èyí tí ilé-iṣẹ́ Boeing ṣe, lọ sí ibùdó ìwádìí àgbáyé tí ń yí ayé po lókè. Bí ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́ lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì helium ń jò lára ọkọ̀ náà, márùn-ún nínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké 28 tí ń darí rẹ̀ sì dákẹ́ bí ó ti ń sún mọ́ ibùdó. Ọjọ́ 286 ni wọ́n lò kí wọ́n tó padà sáyé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2025.

“Wọ́n há sókè” ni gbogbo ayé ń wí. Èmi tí títúmọ̀ ìròyìn jẹ́ iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹja tó há sínú àwọ̀n kò ní ọ̀nà àbájáde. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ọkọ̀ Dragon kan ti gúnlẹ̀ sí ibùdó náà, tí a fi ìjókòó méjì sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún wọn. Wilmore fúnra rẹ̀ sọ pé a kò pa àwọn tì. Síbẹ̀ àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń bú ara wọn.

Williams dáhùn pé ìwọ̀n òun kò yàtọ̀ sí ti ìgbà tí òun débẹ̀. Ní ayé, òòfà ilẹ̀ a máa fa omi ara wálẹ̀ sí ẹsẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, omi náà a gbà orí lọ, ìrísí ènìyàn a sì yí padà. Kì í ṣe pé ewu kò sí. Bí wọn kò bá ṣọ́ra, àwọn egungun tí ń gbé ara dúró a máa fúyẹ́ sí i ní ìwọ̀n 1 sí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá fún nǹkan bí wákàtí méjì lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n sì balẹ̀, tí a gbé wọn sórí ibùsùn tí a fi ń gbé aláìsàn, ariwo tún sọ. Bẹ́ẹ̀ àṣà ni, nítorí ara tó ti gbàgbé bí a ti ń dúró kò gbọdọ̀ kánjú. (Àwa náà kò kúkú yàtọ̀: “o mà rù o” ni a fi ń kí ẹni tó ti àjò dé, a ó sì ti máa ronú àgbo.)

Àwọn tó pe ìdádúró náà ní ìtìjú ni mo bá jà jù. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2024, àjọ NASA pinnu pé Starliner yóò padà lófìfo. Ó padà lóòótọ́ ní oṣù kẹsàn-án, ó sì balẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Mexico láìséwu. Àwọn kan wá ní: “Ẹ ò rí i? Wọn ì bá ti bá a wálé.” Àwọn tó pinnu kò mọ̀ pé yóò balẹ̀ láìséwu. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ti Columbia: ní oṣù kìíní ọdún 2003, nǹkan kan já lu ìyẹ́ apá òsì rẹ̀ nígbà tó ń gbéra, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀bẹ̀ pé kí a ya àwòrán ibẹ̀ wò, a kò gbà fún wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, ọkọ̀ náà fọ́ lójú ọ̀run, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Ọjọ́ 286 kì í ṣe kékeré. Wilmore kò sí nílé fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún tí ọmọbìnrin rẹ̀ tó kéré jù fi ń parí ilé-ìwé girama. Ó padà wá bá a nílé.