Ẹni tó ra fúláàtì, kó ra òrùlé mọ́ ọn

Láàárín ọdún 1979 sí 1983 ni ìjọba Láàtéèfù Jákàńdè kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fúláàtì olówó pọ́ọ́kú káàkiri Ìpínlẹ̀ Èkó, tí àwọn ará ìlú fi ń pè wọ́n ní Jákàńdè títí dòní. Ọ̀kan nínú wọn ni Abẹ́sàn ní Ìpájà, nítòsí Ayọ̀bọ̀. Àwọn tí wọ́n pín fúláàtì fún kò yá a gbé, wọ́n rà á ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọ ẹ́sítéètì náà lónìí yóò rí ògiri tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀, páìpù tó ń jò, gọ́tà tó dí, àti ìsọ̀ tí wọ́n kàn mọ́ ara ilé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé títa ilé fún mẹ̀kúnnù ni yóò sọ àwọn ẹ́sítéètì wọ̀nyí jí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: bí níní ilé nìkan bá tó, kí ló dé tí Abẹ́sàn fi rí báyìí?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí oníkálùkù rà. Yàrá àti pálọ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ ló kà sí tirẹ̀. Òrùlé ńkọ́? Àtẹ̀gùn ńkọ́, àti kòtò ìdọ̀tí tí gbogbo ilé jọ ń lò? Ẹgbẹ́ àwọn olùgbé lè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa fi ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ san. Ẹni tó ń gbé òkè ni òjò ń pa, ẹni ìsàlẹ̀ kò sì rí ìdí tí òun yóò fi dá owó páànù. Bí ẹni tó ra ilé bá kú, àwọn ọmọ á fi ilé háyà, ajẹ́ǹtì á máa gbowó, ayálégbé kò sì ní náwó sórí ibi tí wọ́n lè ní kó kúrò lọ́dún tó ń bọ̀. Ilé ní onílé, kò ní olùtọ́jú.

Títa ilé fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ṣì ni ọ̀nà tó dára jù, bí wọ́n bá ta apá tí gbogbo wọn jọ ń lò mọ́ ọn. Láti ọdún 2016 ni ìjọba Èkó ti ní ètò tí ayálégbé fi ń san ìdá 5 nínú 100 owó ilé sílẹ̀, tí yóò sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 10. Ilé tuntun ni wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n gbé e dé Abẹ́sàn: kí ìjọba ra fúláàtì lọ́wọ́ àwọn ajogún tó bá fẹ́ tà, kí ó tà á fún ayálégbé tó wà níbẹ̀, kí ìwé ilé sì sọ ọ́ di dandan pé kí onílé kọ̀ọ̀kan máa dá owó àtúnṣe lóṣooṣù. Singapore ti ń ta fúláàtì ìjọba fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ láti ọdún 1964, òfin ló sì ń gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń yọ apá kan pamọ́ de àtúnṣe ńlá.

Àwọn kan á ní ayálégbé tó ń ṣòwò ní Ayọ̀bọ̀ kò ní ìwé owó oṣù. Òótọ́ ni, owó oṣù sì ni òfin owó àkójọ fún ilé ti ìjọba àpapọ̀ ní 1992 gùn lé jù, tí wọ́n ń yọ ìdá 2.5 nínú 100 rẹ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó ti ń dá àjọ láìyẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tó sì ń san owó ilé ọdọọdún, ti fi hàn pé òun lè san gbèsè. Kí báǹkì gba ìwé àjọ tàbí ti kọ́párétíìfù rẹ̀ bí ẹ̀rí. Ìbẹ̀rù pé olówó yóò ra àwọn fúláàtì náà tán kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì sẹ́yìn, nítorí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn òfin 1980 tó jẹ́ kí ayálégbé ìjọba ra ilé, ọ̀pọ̀ fúláàtì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń fi wọ́n háyà lówó gegere. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tà kó tó pé ọdún 10, ètò náà ni kó tà á padà fún.

Ọ̀rọ̀ ilé tó ti gbó ló wúwo jù. Kò sí ẹ̀tọ́ láti ta ilé tó lè wó fún ẹnikẹ́ni, ìdí nìyí tí àyẹ̀wò òpó àti irin fi gbọ́dọ̀ ṣáájú owó. Èyí tí kò bá yege, kí wọ́n wó o, ṣùgbọ́n kí orúkọ olúkúlùkù tó ń gbé inú rẹ̀ ti wà nínú ìwé ilé tuntun kí katakata tó dé. Láìsí èyí, àtúnṣe á di ọ̀nà láti lé mẹ̀kúnnù kúrò fún olówó.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ló lè fún ẹgbẹ́ àwọn onílé ní agbára láti gbowó àtúnṣe. Kí wọ́n ṣe òfin náà, kí Abẹ́sàn sì jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí wọn yóò ti lò ó.