Ohun Tí Ó Bá Lẹ̀ Ni Ó Ń Dúró

Ọ̀rọ̀ kékeré ni "lẹ̀", ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Bí nǹkan kan bá kan òmíràn, tí kò sì fẹ́ kúrò lára rẹ̀, Yorùbá a ní ó lẹ̀ mọ́ ọn. Oje igi a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Ẹrẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ bàtà ní àkókò òjò.

Ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn ìbátan, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọmọ dì mọ́ ìyá rẹ̀: ọwọ́ ni ó fi dì í. A so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn: okùn ni ó dá a dúró. Ohun tí ó lẹ̀ kò lo ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lo okùn. Ara rẹ̀ ni ó fi mú èkejì.

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀gàn ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ń tẹ̀lé ọlọ́rọ̀ kiri nítorí oúnjẹ, wọn a ní ó lẹ̀ bí àtè. Òótọ́ ni pé àtè burú fún ẹyẹ: èyí tí ó bà lé e kò ní fò mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó lẹ̀ ni ó burú. Iyanrìn nìkan kò lè di ògiri. Amọ̀ tí ó lẹ̀ ni ó ń kó o jọ. Amọ̀ ni àwọn ará Kétu àtijọ́ fi mọ odi yí ìlú wọn ká, odi tí ẹnubodè Akaba Idena jẹ́ ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀. Bí amọ̀ kò bá lẹ̀, odi kò lè dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àgbàlagbà jù ni ẹ̀kọ́ ìwé. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá ni ó ti jókòó ní kíláàsì, tí wọ́n sì mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn lẹ́tà tún di àjèjì sí wọn. Àwọn kan a ní orí àgbà ti le, pé ẹ̀kọ́ kì í lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ fi ẹ̀kọ lẹ ìwé mọ́ ògiri a kọ́kọ́ nu eruku kúrò. A fi ọwọ́ tẹ ìwé náà dáadáa. Lẹ́yìn náà, a ní sùúrù kí ó gbẹ. Bí ó bá fo ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé yóò já bọ́, ẹ̀bi ògiri kọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwé kíkà. Ìtìjú ni eruku tí ó yẹ kí àgbà nù kúrò. Lílò ojoojúmọ́ ni ọwọ́ tí ń tẹ̀ ẹ́: kí ìyá tí ń ta gàrí kọ orúkọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí àgbẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ ka òṣùwọ̀n kí ó tó gba owó òwú rẹ̀. Sùúrù ni oòrùn tí ń mú un gbẹ.

Àwọn tí ń ṣètò kíláàsì náà ní ojúṣe tiwọn. Bí wọ́n bá kọ́ ènìyàn ní ìwé, tí wọn kò fún un ní ohun tí yóò máa kà, omi lásán ni wọ́n fi lẹ ìwé mọ́ ògiri.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Àgbà tí kò bá jìnnà sí ìwé, ìwé yóò lẹ̀ mọ́ ọn.