Ilé Tí Kóòtù Tà, Tí Onílé Fàáké Kọ́rí

Ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́, ẹ gbọ́ tiwa. Bí kóòtù bá ta ilé onígbèsè ní gbàǹjo, tí onílé sì fàáké kọ́rí, kí olùrà má ṣe kó jàǹdùkú lọ bá a. Ìjà kò dọlà. Òfin tí ó ti wà láti 1945 fún onígbèsè ní ọjọ́ 21 láti fi àbùkù títà náà han kóòtù. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí ẹjọ́, olùrà yóò gba ìwé-ẹ̀rí, yóò sì bẹ kóòtù kí akódà fi ilé lé òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ onígbèsè nìkan ni a rà. Gbèsè ẹnìkan kò lè gbé ilé ẹbí tà. Nítorí náà, kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi olórí ẹbí léèrè.