Òru Àkọ́kọ́ Nínú Ọkọ̀ Ilé: Láti Ẹgàn sí Sèmẹ̀

Ìrìn-àjò ọkọ̀ ilé kì í bàjẹ́ ní Ghana. Bí yóò bá bàjẹ́, láàárín Ẹgàn ní Alimosho sí Badagry ni yóò ti bàjẹ́, kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ọkọ̀ tí à ń sọ ni bọ́ọ̀sì tí wọ́n tú ìjókòó inú rẹ̀ dà nù, tí wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì sí, tí wọ́n gbé sítóòfù gáàsì àti táńkì omi wọ̀, tí olówó rẹ̀ ń wà kiri, tó ń sùn tó ń jí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń pète irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Alimosho, Cape Coast, Abidjan àti Dakar ni yóò máa wò lórí máàpù. Ta ni yóò wo Ìyànà Ìbá? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ lọ̀nà gbà.

Pelumi Nubi wà lára àwọn tó sọ ìrìn báyìí di ohun tí ọ̀dọ́ ń fẹ́. Ní òpin oṣù Kìíní ọdún 2024 ló kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, òun nìkan, nínú Peugeot 107 kékeré aláwọ̀ elésè àlùkò. Ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ló wọ Èkó, lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí i ní Ivory Coast. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ tuntun ta á lọ́rẹ. Ọdún méjì ṣáájú rẹ̀ ni Kunle Adeyanju ti gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó nítorí ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀. Iṣẹ́ akin ni àwọn méjèèjì ṣe. Ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n parí ìrìn sí, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Olabisi Ajala pàápàá, tí gbogbo wa ń fi orúkọ rẹ̀ pe aláìlesùnlé, Amẹ́ríkà ló ti gun kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1952, láti Chicago lọ sí Los Angeles. Ẹni tó bá parí ìrìn sí Èkó, ìlù àti kámẹ́rà ló ń pàdé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, okùn tí wọ́n ta dí ojú títì ló ń pàdé.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọkọ̀ gan-an ni ìṣòro, pé àfi ẹni tó bá lówó àtira èyí tí wọ́n ṣe ní òkè òkun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bọ́ọ̀sì Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní 1950 ni ilé iṣẹ́ Westfalia mú, kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì àti kọ́ńbọ́ọ̀dù sínú rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ lọ lo ìsinmi lẹ́bàá òkun. Ìran bọ́ọ̀sì yẹn náà ni Èkó kùn ní yẹ́lò, tí wọ́n fa ilà dúdú méjì sí lára, tí wọ́n ń pè ní dáńfó. Ibi tí tọkọtaya kan ń sùn sí lọ́hùn-ún, èrò mẹ́rìnlá àti kọ́ńdọ́ ló há síbẹ̀ níhìn-ín. Kódà, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní 1975 wà ní Ọ̀jọ́, kò jìnnà sí Ìyànà Ìbá. Mẹkáníìkì tó mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tinútẹ̀yìn kò wọ́n láti Ìkòtún dé Ìgàndò, wẹ́dà àti kápẹ́ńtà kò sì wọ́n. Dáńfó àgbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le sàn fún ìrìn etíkun ju ọkọ̀ ilé gàgàrà tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá, tó jẹ́ pé bí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá fọ́, ó di kí wọ́n kọ̀wé sí òkè òkun.

Ìwé ọkọ̀ ni kí ẹni tó fẹ́ rìn múra sí. Ọkọ̀ èrò, nọ́ńbà pupa ló ń lò. Ọkọ̀ àdáni, nọ́ńbà aláwọ̀ búlúù. Bí wọ́n bá kùn ún ní àwọ̀ mìíràn, àwọ̀ tuntun náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹni tó bá gbé yẹ́lò onílà dúdú dé ojú ọ̀nà Badagry pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò nínú, ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé èrò dà.

Ibi tó yẹ kí òru àkọ́kọ́ ti wáyé ni iwájú ilé ẹni tó ni ọkọ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ òyìnbó kì í fi ṣeré: wọn a sùn sínú ọkọ̀ náà nínú ọgbà ara wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń jò, ohun tó ń dún, ohun tí wọ́n gbàgbé. Ní Ẹgàn, èyí gba ìgboyà. Tí bàbá ilé bá gbé ìrọ̀rí jáde lálẹ́ lọ sínú bọ́ọ̀sì, àwọn ará àdúgbò yóò ní òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jà, tàbí pé onílé ti lé e. Kí ó kọ́kọ́ sọ fún alága àdúgbò àti ọlọ́dẹ tó ń ti géètì lóru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tọ́ọ̀ṣì ni yóò jí i ní aago méjì. Ìtìjú yẹn kéré sí àǹfààní tó wà níbẹ̀. Òru oṣù Kẹta nínú páànù irin tí wọn kò fi nǹkan dí ooru rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí fèrèsé bá ṣí láìsí nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn á wọlé. Bí ó bá tì, ooru á pa èèyàn. Fáànù tó ń lo bátìrì yóò fi hàn bóyá bátìrì náà lè dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ tàbí aago mẹ́ta ni yóò kú. Ẹni tó bá mọ èyí ní Ẹgàn, ilé rẹ̀ ló máa sáré wọ̀. Ẹni tó bá lọ mọ̀ ọ́n ní Grand-Popo, ní ilẹ̀ Benin, ibo ni yóò sáré wọ̀?

Ọ̀rọ̀ omi náà tún wà. Lítà omi kan, kílò kan ni. Táńkì lítà 150 tó kún wúwo bí àgbàlagbà méjì tí kò ní sọ̀kalẹ̀ láéláé. Fi gáàsì, bátìrì, pákó àti ẹrù kún un, kí bọ́ọ̀sì náà wá já sí kòtò kan ṣoṣo lójú títì, sípíríǹgì ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Kí omi tí wọ́n ń gbé má kọjá ìlò ọjọ́ méjì ló bọ́gbọ́n mu, kí wọ́n máa rọ omi mìíràn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀, àwọn tó ń kọ̀wé lórí ìrìn yìí máa ń fi ẹ̀rín fò ó. Kò yẹ kí wọ́n fò ó. Ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ ní láti balẹ̀ síbì kan. Ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ ìjọba ìlú kéékèèké ló ṣe ibi ìdákọ̀ró fún àwọn ọlọ́kọ̀ ilé, pẹ̀lú ẹ̀rọ omi àti ihò tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá sùn sí ìlú wọn yóò ra búrẹ́dì àti ẹran níbẹ̀. Láti Ẹgàn dé Sèmẹ̀ ní ẹnubodè, kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ẹni tàbí ti ojúlùmọ̀ nìkan ló wà. Ẹni tí kò ní ojúlùmọ̀, ojú ọ̀sà ni yóò máa wò.

Láti Ẹgàn, ọ̀nà gba Àkẹ̀sán, Ọ̀bàdòrè àti Ìbá jáde sí Ìyànà Ìbá, kí ó tó yà sí ọ̀tún lọ sí Òkòkòmáíkò, Ìjànikin, iyànà Àgbárá, títí dé Badagry. Gbogbo rẹ̀ kò tó kìlómítà 100. Ẹni tó bá wo máàpù nìkan yóò sọ pé wákàtí méjì ni. Ìjọba Babatunde Fashola bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Badagry ní 2009, kí ó di ọ̀nà mẹ́wàá pẹ̀lú ojú irin láàárín. Ojú irin tí wọ́n sọ pé yóò dé Òkòkòmáíkò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2023, Mile 2 ló sì parí sí. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà yẹn bẹ̀rẹ̀ ti ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá.

Kòtò ojú títì kì í bínú, kì í sì í béèrè ìwé. Ohun tó ń jẹ ọjọ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ni àwọn ibùdó àyẹ̀wò tó tò láti Badagry lọ sí ẹnubodè. Adéhùn ECOWAS ti wà láti 1979 pé ọmọ ilẹ̀ wa lè wọ orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ láìgba físà, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Káàdì adójútòfò aláwọ̀ ilẹ̀, Brown Card, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnu ní 1982, ló ń dáàbò bo ẹni tí ọkọ̀ àlejò bá kọlù ní ilẹ̀ mìíràn. Ní oṣù Kẹwàá 2018, wọ́n ṣí ilé àyẹ̀wò àjùmọ̀lò Sèmẹ̀ àti Kraké, kí àyẹ̀wò lè di ojú kan. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi ti ẹnubodè pa, láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020. Ìwé pé, ilé pé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ó tó dé ilé àyẹ̀wò kan ṣoṣo náà, kí ni ilé ọ̀hún wà fún? Ẹni tó ń gbé ilé rẹ̀ rìn tún wá hàn lójú agbófinró ju arìnrìn-àjò lásán lọ: gbogbo kọ́ńbọ́ọ̀dù ni wọn yóò ní kí ó ṣí, títí kan àpò gàrí.

Ìdí nìyẹn tí kò fi bọ́gbọ́n mu kí a sáré kọjá ẹnubodè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lóòótọ́, ẹni tó bá yára lè jẹun àárọ̀ ní Badagry kí ó jẹun alẹ́ ní Lomé, nítorí etíkun Togo láti ẹnubodè kan dé èkejì kò tó kìlómítà 60. Kí ni ó sáré fún? Badagry tó òru méjì. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845, wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń gbéni lọ sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, ẹja tútù sì wà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ohun kan bá já nínú ọkọ̀, mẹkáníìkì ẹni ní Alimosho ṣì lè wọ bọ́ọ̀sì wá. Ibi tí wọn yóò gbé ọkọ̀ sí lóru nìkan ni kò sí. Hòtẹ́ẹ̀lì fẹ́ kí wọ́n gba yàrá. Ilé epo kan lè gbà, òmíràn a lé wọn. Etí ọ̀nà kì í ṣe ibi tí ọlọ́gbọ́n ń sùn.

Àwọn kan yóò ní ìgbádùn olówó ni gbogbo èyí, pé ìjọba ní iṣẹ́ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò tíì sùn sí Ògèrè Rẹ́mọ. Lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn awakọ̀ tírélà ti ń sùn sínú ọkọ̀ wọn níbẹ̀: wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń jẹun ní búkà, wọ́n ń lẹ táyà. Nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Àpápá le, àwọn dírẹ́bà gbé inú orí tírélà fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Kó tó di 1950, Hubert Ogunde ti ń kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ àti ẹrù wọn sínú mọ́tò láti ìlú dé ìlú, títí dé Gold Coast. Ilẹ̀ wa ti ní àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣe ilé. Wọn kò kàn ya fídíò ni. Ògèrè ní àléébù tirẹ̀, àyè a máa kún tí tírélà yóò fi tò sí etí títì, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a má ní nǹkan kan lọ. Bí ẹnìkan bá sì ní ààbò ńkọ́, ààbò gan-an ló ń béèrè ibi ìdákọ̀ró tí a mọ̀, kí ọlọ́kọ̀ lè kúrò lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí ọ̀nà Badagry nílò kò pọ̀: ilẹ̀ tí wọ́n mọ ògiri yí ká, bọ́ọ̀hóòlù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní kòtò gidi tí táńkà lè wá fà, iná, àti ọlọ́dẹ méjì. Owó ọkọ̀ tuntun tí wọ́n fi ń dá arìnrìn-àjò kan lọ́lá lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Badagry lè ṣe é, onílẹ̀ àdáni náà lè ṣe é, bí wọ́n bá jẹ́ kí ó ṣe é láìgba owó ọmọ onílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí wọ́n kọ owó òru kan sí ojú pátákó níta géètì, kí dírẹ́bà tírélà tó ń bọ̀ láti Kútọnu àti tọkọtaya tó gbé dáńfó wọn kúrò ní Ẹgàn láàárọ̀ sì jọ san iye kan náà.