Àtẹ̀gùn Kọ́ ni Òkè

Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Ẹgàn. Láti Ìgàndo dé Ìkòtún, ilẹ̀ náà tẹ́ lọ bẹẹrẹ, iyanrìn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí agbègbè Alímòṣọ́ yìí lè kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi títí yóò fi jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan àpáta rí. Ohun gíga tí ojú rẹ̀ mọ̀ kò ju ilé alájà mẹ́ta, afárá ẹlẹ́sẹ̀, àti òkìtì ìdọ̀tí Solous tí àwọn tó ń gba ojú títì LASU sí Ìṣẹri ti mọ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí kan náà bá ṣí ìwé lítíréṣọ̀ Yorùbá, òkè ni yóò máa bá pàdé láti ojú ewé kan sí èkejì. Kí ni yóò máa rí ní ọkàn rẹ̀ nígbà tí ó bá ka ọ̀rọ̀ náà, "òkè"?

Ìdáhùn wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ a kọ ọ́ sójú pátákó pé àmì ìṣòro ni òkè, pé àmì ìfaradà ni gígùn rẹ̀, pé àmì ìṣẹ́gun sì ni dídé ṣóńṣó rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a dà á kọ, a há a sórí, a sì tún dà á padà fún olùdánwò. Máàkì a wọlé. Kò sí irọ́ nínú àlàyé náà, àmọ́ orí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Kí òkè tó di àmì, òkúta ni. Ó ní ibi tí ó ń yọ̀, ó ní ibi tí oòrùn ti mú gbóná, ó sì ní ibi tí ọwọ́ kò tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ òkúta yìí, àmì tí kò tọ́ka sí nǹkan kan ni ó há sórí.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí lítíréṣọ̀ òkè yé àwọn ọmọ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí a kó wọn lọ sórí òkè, kí ó má sì jẹ́ orí àtẹ̀gùn nìkan. Ó yẹ kí wọ́n kúrò lórí àtẹ̀gùn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn ẹni tí ó mọ ibẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun àpáta bí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gùn ún ti ṣe.

Ẹ wo iṣẹ́ D. O. Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1938, ọba rán Àkàrà-ògùn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, Kákò, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù, lọ sí Òkè Láńgbòdó. Nínú Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje, tí ó jáde ní 1954, Òkè Ìrònú ni ìrìn-àjò náà forí lé. Wálé Ògúnyẹmí sọ ìrìn-àjò Láńgbòdó di eré orí ìtàgé, wọ́n sì ṣe é níbi àjọ̀dún FESTAC ní Èkó ní 1977. Nínú gbogbo ìrìn wọ̀nyí, ọdẹ ni ó ń ṣáájú. Kí ló dé? Ọdẹ ni ó mọ bí a ti í rìn níbi tí kò sí ọ̀nà. Òkè-Igbó ni orúkọ ìlú tí Fágúnwà ti wá. Òkè àti igbó ni wọ́n so pọ̀ di orúkọ kan. Nígbà tí ó ń kọ̀wé, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ Oǹdó àti Èkìtì ni ó ń rí àpáta láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Kò di dandan kí òǹkọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ bí orúnkún ti í gbọ̀n nígbà tí ènìyàn bá ń gun ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Òǹkàwé Ẹgàn ni ó kù tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún.

Ìtàn pẹ̀lú jẹ́rìí sí i. Nígbà tí ogun lé àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, abẹ́ àpáta Olúmọ ni wọ́n tẹ̀dó sí ní 1830, ibẹ̀ ni orúkọ Abẹ́òkúta sì ti wá. Ihò tí wọ́n sá sí ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kòtò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ lójú òkúta. Ní Ìdànrè, orí òkè gan-an ni ìlú wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kí àwọn ará ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 1923. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà lókè níbẹ̀. Àárín òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti ja ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893. Orúkọ ogun náà sì jẹ́ ìró àgbá tí ó ń dún láàrin àwọn òkè. Ẹni tí ó bá ro ọ̀rọ̀ Olúmọ àti Ìdànrè dáadáa yóò rí i pé kì í ṣe gíga òkè nìkan ni ó gba àwọn ènìyàn náà là. Ohun tí ó gbà wọ́n ni pé wọ́n mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà, ọ̀tá kò sì mọ̀ ọ́n. Àìsí ọ̀nà ni odi wọn.

Lónìí, ọ̀nà ti wà. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni àlejò ń gùn kí ó tó dé ìlú àtijọ́ ní Ìdànrè. Ní Adó-Awáyé, nítòsí Ìṣẹ́yìn, àtẹ̀gùn 369 ni ó gbé ènìyàn lọ síbi adágún Ìyàkẹ́ tí ó wà lórí òkè. Ní Olúmọ, wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ agbéniròkè kún un. Ohun rere ni ìwọ̀nyí. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn àti ẹni tí ń fi ọ̀pá rìn ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí àwọn baba wọn rí. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ti dáhùn gbogbo ìbéèrè kí akẹ́kọ̀ọ́ tó béèrè. Ó ti sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀, bí ìṣísẹ̀ yóò ti gùn tó, àti ibi tí wọn yóò ti sinmi. Ẹni tí ó gùn ún yóò ka iye rẹ̀, yóò ya fọ́tò, yóò sì sọ̀ kalẹ̀. Bí ilé alájà púpọ̀ ni ó ṣe gun òkè náà.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí èdè. Lórí àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ti tó: gùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kúrò níbẹ̀ ní ogún ìṣísẹ̀ péré, ọ̀rọ̀-ìṣe yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya lu ara wọn. Yóò pọ́n, yóò rá, yóò rọ̀ mọ́ ojú òkúta, yóò fà á, yóò tẹ̀ ẹ́ wò, yóò tàkìtì bí kò bá ṣọ́ra. Yóò mọ ìyàtọ̀ láàrin òkúta àti àpáta, láàrin ihò àti pàlàpálá, láàrin bèbè àti ọ̀gbun. Ìfìrógbóyèyọ tí olùkọ́ ti ń kọ́ ọ láti ọdún mẹ́ta yóò wá rí ara gbé wọ̀: òkúta tí ó dúró rìgìdì yóò yàtọ̀ sí èyí tí ó ń mì jẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ní kú nítorí pé kò sí ìwé atúmọ̀-èdè. Wọn yóò kú nítorí pé kò sí ẹni tí ó nílò wọn mọ́. Yorùbá ní, ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà yóò ṣẹ́ kù díẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bo páànù ilé àti aṣọ tí a sá ní Ẹgàn. Púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ yìí ń ti Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Chad, nísàlẹ̀ àwọn òkè Tibesti tí ó wà láàrin aginjù Sàhárà. Èyí tí ó ga jù nínú wọn, Emi Koussi, ga ju mítà 3,400 lọ. Ìdànrè kò tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀, ojú ọ̀nà gan-an ṣọ̀wọ́n. Bí àlejò bá fẹ́ gun òkè aginjù, ọmọ ìbílẹ̀ Toubou ní Tibesti, tàbí Tuareg ní àwọn òkè Aïr ti Niger àti Hoggar ti Algeria, ni ó ń tẹ̀ lé. Ìwọ̀nyí ni ó mọ inú kòtò òkúta tí omi òjò ṣẹ́ kù sí, tí wọ́n sì mọ ìtumọ̀ òkúta tí ẹnìkan tò jọ sí ojú ọ̀nà. Ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará aginjù wọ̀nyí, ìbátan ni ó jẹ́ sí èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ Ìdànrè. Níbi tí wọ́n bá ti bọ̀wọ̀ fún un, afinimọ̀nà ni wọ́n ń pe ẹni tí ó ni ín, wọ́n sì ń sanwó fún un. Níbi tí wọn kò bá bọ̀wọ̀ fún un, ará oko ni wọ́n ń pè é.

Àwọn kan yóò sọ pé ewu wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Oòrùn ń mú ojú àpáta gbóná lọ́sàn-án, òru ń mú un tutù, àpáta náà a sì máa bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ìpele tí ó ti bó lè yọ lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ojú rẹ̀ a máa yọ̀ bí ilá. Oyin a máa wà nínú pàlàpálá. Yorùbá sì ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ti oyin wá, ẹ̀kọ́ ni ó bá wá. Nítorí náà, kí ìlànà wà. Kí ó jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Kí afinimọ̀nà tí ó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ yan ibi tí kò ga, tí ẹni tí ó bá yọ̀ kò ní jábọ́ sínú ọ̀gbun. Kí ó máa jẹ́ pé nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, mẹ́ta wà lójú òkúta nígbà gbogbo, kí ẹyọ kan ṣoṣo máa kúrò. Kí wọ́n tẹ òkúta wò kí wọ́n tó gbára lé e. Kí wọ́n má gun ibi tí wọn kò ní lè sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ìsọ̀kalẹ̀ le ju ìgòkè lọ. Kí òbí fọwọ́ sí i, kí bàtà má sì jẹ́ sálúbàtà. Ohun gbogbo wọ̀nyí, ẹ̀kọ́ ni. Ọmọ tí ó kọ́ láti tẹ òkúta wò kí ó tó gbára lé e ti kọ́ ohun kan tí yóò wúlò fún un ní ibi púpọ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní ilẹ̀ mímọ́ ni orí òkè. Òótọ́ nìyẹn náà. Ìbàdàn ń ṣe ọdún Òkè'Bàdàn, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ń bọ Olósunta, Ìdànrè ń ṣe ọdún Orósùn. Ibi tí àwọn onílẹ̀ bá ní kí ẹsẹ̀ àlejò má dé, kí ẹsẹ̀ má dé ibẹ̀. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ìlú, kí ó gba àṣẹ, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Kúkúrò lórí àtẹ̀gùn kì í ṣe kúkúrò nínú ìwà ọmọlúàbí. Kódà, orí àtẹ̀gùn ni ènìyàn ti lè gbàgbé pé ilé onílé ni òun wọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ owó. Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni ó lè kó ọmọ lọ sí Ìdànrè, ṣùgbọ́n láti Ẹgàn, ènìyàn lè lọ sí Abẹ́òkúta kí ó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń gba owó lọ́wọ́ òbí lọ́dọọdún fún ìrìn-àjò afẹ́ sí ilé ìtajà ńlá àti ibi ìṣeré. Kí wọ́n fi ọdún kan lára rẹ̀ sílẹ̀ fún àpáta. Bí wọ́n bá sì padà dé, kí olùkọ́ má bi wọ́n léèrè iye àtẹ̀gùn. Kí ó ní kí wọ́n kọ àròkọ alápèjúwe lórí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré tí wọ́n fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn, kí wọ́n má lo ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wá ṣí Ògbójú Ọdẹ.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ àmì tí olùkọ́ kọ sójú pátákó yóò tó ní ìtumọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti bó lójú àpáta yóò mọ ìdí tí àwọn ọdẹ fi dúró de ara wọn, ìdí tí Olóhùn-iyọ̀ fi ṣe pàtàkì láàrin àwọn alágbára, àti ìdí tí kì í fi í ṣe gbogbo ẹni tí ó lọ sí Láńgbòdó ni ó padà wálé. Kò ní há a sórí. Yóò rántí rẹ̀.